Fífi ìka gbá ara kí ọkàn lè rọlẹ̀: kí ni "tapping" tó ń lọ káàkiri Ìlọrin àti gúúsù Kwara yìí?

Fídíò tapping kì í gùn. Obìnrin kan jókòó, ó ń fi ìka méjì gbá òkè ojú ara rẹ̀ pẹ́pẹ́, ó gbá abẹ́ ojú, ó gbá àgbọ̀n, ó gbá abẹ́ abíyá, ẹnu rẹ̀ ò sì dákẹ́. Kó tó parí, ó ti mí kanlẹ̀, ó ní àyà òun tó ń já ti rọlẹ̀. Ẹni tó bá fi í sínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn ìyá ọlọ́jà á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n yé lo oògùn oorun. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti kúrò ní Ìlọrin, ó ti dé Ọ̀fà, ó ti dé Òmù-Àrán. Ẹnìkan á ní awo àwọn ará Ṣáínà ni. Ẹlòmíràn á ní ó wo ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá òun sàn. Ẹnì kẹta á máa bèèrè iye tí wọ́n fi ń kọ́ ọ.

Nínú ariwo yẹn, ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè ti sọnù: kí ni nǹkan yìí, ta ló gbé e kalẹ̀, kí sì ni àwọn tó dán an wò rí? Àwọn tó ń wá ìdáhùn sí i kì í ṣe aláìníṣẹ́. Ẹni tí kò rí oorun sùn láti ọjọ́ mẹ́ta wà nínú wọn. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń rin ọ̀nà tí wọ́n ti ń jí ènìyàn gbé wà nínú wọn. Ó yẹ kí a fi sùúrù tú u fún wọn.

Kí ni tapping, kí ló sì yà á sọ́tọ̀ sí híjámà?

Tapping ni kí ènìyàn máa fi ìka gbá àwọn ojúkò kan lójú, láyà àti lọ́wọ́ ara rẹ̀, kó máa ronú nípa ohun tó ń dà á lọ́kàn rú, kó sì máa fi ẹnu ara rẹ̀ pe ohun náà lórúkọ. Nǹkan méjì ló pàdé níbẹ̀: ọwọ́ tó ń gbá àti ẹnu tó ń sọ. Orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí jù ni Emotional Freedom Techniques, tí wọ́n gé kúrú sí EFT.

Inú ìṣègùn àtayébáyé àwọn ará Ṣáínà ni àwọn ojúkò náà ti wá. Àwọn baba ńlá wọn gbà pé agbára ìyè kan, tí wọ́n ń pè ní qi, ń gba àwọn ipa ọ̀nà kan kọjá nínú ara, bí omi ṣe ń gba ojú odò. Bí ipa ọ̀nà kan bá dí, àìsàn dé, tàbí kí ọkàn dàrú. Alábẹ́rẹ́ a fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún ojúkò náà. Ẹni tó ń tẹ ara a fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń ṣe tapping kàn máa ń gbá a ni.

Híjámà yàtọ̀ pátápátá. Àwọn onígbàjámọ̀ tó ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe àjòjì ní Ìlọrin, àwọn alfa tó ń fi ife ṣe é lóde òní náà kò níye, ẹ̀jẹ̀ sì ni gbogbo wọn ń fà jáde. Tapping kì í fa ẹ̀jẹ̀, kì í gún ara, kò sì sí ohun mímu kankan nínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta àgbo tàbí òróró "tapping" fún yín, ọjà tirẹ̀ ló ń tà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan tó ń ta ata ní ọjà Ìpàtà ṣe àpẹẹrẹ. Owó àjọ tó yẹ kó san lọ́la kò tíì pé. Ó dùbúlẹ̀, oorun ò kùn ún, àyà rẹ̀ ń lù kìkì.

Ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ ní kó ṣe ni pé kó fún ìdààmú náà ní máàkì, láti 0 dé 10. 0 ni pé ara rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, 10 ni pé kò lè fara dà á mọ́. Ká ní ó mú 8. Òṣùwọ̀n yìí kò ti ọwọ́ àwọn onítapping wá. Joseph Wolpe, dókítà ọpọlọ tí wọ́n bí ní South Africa, ló gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni gbọ́ orúkọ EFT, àwọn dókítà sì ṣì ń lò ó títí dòní.

Lẹ́yìn náà, á máa fi ìka ọwọ́ kan gbá etí ọwọ́ kejì, ìyẹn ẹran tó wà láàárín ìka ọmọńdinrín àti ọrùn ọwọ́. Á wí i lẹ́ẹ̀mẹta pé: "Bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyà mi ń já nítorí owó àjọ yìí, mo gba ara mi tọkàntọkàn bí mo ṣe wà." Á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbá àwọn ojúkò yòókù, ìgbà márùn-ún sí méje lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ibi tí irun òkè ojú ti bẹ̀rẹ̀ nítòsí imú, egungun ẹ̀gbẹ́ ojú, egungun abẹ́ ojú, àárín imú àti ètè òkè, abẹ́ ètè ìsàlẹ̀ níbi tó ti tẹ̀ wọnú lókè àgbọ̀n, abẹ́ egungun tó gba ọ̀fun lọ sí èjìká, abẹ́ abíyá, àti àtàrí. Ní gbogbo àkókò yẹn, á máa rán ara rẹ̀ létí ní ṣókí: "owó àjọ yìí", "àyà mi tó ń já yìí". Nígbà tó bá parí, á mí kanlẹ̀, á tún fún ìdààmú náà ní máàkì. Bí 8 bá ti di 5, á tún un ṣe.

Gbólóhùn tó ń wí yẹn gan-an ló ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ nínú wa. Bí a bá bi Yorùbá pé báwo ni, "a dúpẹ́" ni yóò dáhùn, ilé ìbáà máa jó. A gbà pé ọ̀rọ̀ ń jẹ́, pé ẹni tó bá ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn ń ké sí i ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń dá fídíò náà dúró láàárín, tí wọ́n ń wí pé "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́". Èsì àwọn tó ń kọ́ni ni pé ohun tó ti wà nílẹ̀ ni ènìyàn ń pè lórúkọ, kì í ṣe pé ó ń fà á wọlé. Wọ́n ní ìbẹ̀rù tí a kò bá dárúkọ ni kì í jẹ́ kí a sùn. Ọ̀pọ̀ dókítà ọpọlọ náà, àní àwọn tí kò gba tapping gbọ́ rárá, fara mọ́ apá yìí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?

Àwọn ojúkò ti Ṣáínà ni, ṣùgbọ́n tapping fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun àtijọ́, Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Roger Callahan, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, ń tọ́jú obìnrin kan tí wọ́n pè ní Mary ní nǹkan bí ọdún 1980. Ẹ̀rù omi ń ba Mary débi pé ìwẹ̀ wíwẹ̀ ń ni í lára. Ìtọ́jú náà ti ń pẹ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yọrí. Lọ́jọ́ kan, Mary ní bí òun bá ti ronú nípa omi, inú òun ni òun ti ń mọ̀ ọ́n. Callahan rántí pé nínú ìwé àwọn ará Ṣáínà, abẹ́ ojú ni ojúkò tó jẹ́ ti ikùn wà. Ó ní kí ó gbá ibẹ̀. Mary ní ẹ̀rù náà lọ.

Callahan wá kọ́ ìlànà kan lé ìtàn yìí lórí, ó pè é ní Thought Field Therapy. Tirẹ̀ le díẹ̀, torí ìdààmú kọ̀ọ̀kan ló ní ojúkò tirẹ̀ àti ètò tí a gbọ́dọ̀ fi gbá wọn. Láàárín ọdún 1990 sí 1999 ni Gary Craig, ẹnjiníà tó kọ́ ìlànà náà lọ́dọ̀ rẹ̀, sọ ọ́ di ètò ẹyọ kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni lè há sórí. Òun ló pè é ní EFT. Craig fi ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ó yẹ kí ẹni tí wọ́n bá ń bèèrè owó ńlá lọ́wọ́ rẹ̀ ní Tanke tàbí ní Gàá Àkànbí kí wọ́n tó fi ojúkò mẹ́sàn-án hàn án rántí ìyẹn.

Kí ló dé tó fi wá gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa báyìí?

Nítorí pé ọkàn àwọn ènìyàn ò balẹ̀, ibi tí wọ́n sì lè gbé e lọ kò pọ̀.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 2023, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ti sọ ọ̀pọ̀ ilé di ibi ìṣirò òru. Ti gúúsù Kwara tún ju ti owó lọ. Ọ̀fà kò tíì gbàgbé 5 oṣù kẹrin 2018, ọjọ́ tí àwọn adigunjalè wọ àwọn báńkì ìlú náà, tí wọ́n pa ènìyàn tó lé ní 30. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin ní Kòrò ní Èkìtì Kwara, wọ́n pa Ọba Ṣẹ́gun Àrẹ̀mú, Olúkòrò, wọ́n sì jí olorì gbé. Ní 18 oṣù kọkànlá 2025, wọ́n ya wọ ìjọ CAC kan ní Erùkù nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́. Àwọn olùjọ́sìn 38 ni wọ́n kó lọ kí wọ́n tó gba ìtúsílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tó bá ti la irú èyí kọjá, tàbí tó kàn ń gbé ní ìlú tó kángun sí i, lè máa ta gìrì bí ọ̀kadà bá ti dún lóru. Ọgbẹ́ ọkàn nìyẹn, kì í ṣe ojo.

Àwọn dókítà ọpọlọ tó wà ní gbogbo Nàìjíríà, orílẹ̀-èdè tó ní ju mílíọ̀nù 200 ènìyàn lọ, kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ. Àwọn ìlú ńlá ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Títí di ìgbà tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní oṣù kìíní 2023, òfin "wèrè" tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi gbòǹgbò rẹ̀ lélẹ̀ ní 1916 ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀rọ̀ náà. Ìtìjú tún wà ńbẹ̀: ẹni tí wọ́n bá rí ní ilé ìwòsàn ọpọlọ, orúkọ tí wọ́n máa fún un ládùúgbò kì í dára. Bí nǹkan kan bá wá yọ tí ènìyàn lè ṣe nínú yàrá rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, tí kò sẹ́ni tó máa rí i, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé wọ́n sáré gbà á.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Kí ni àwọn olùwádìí rí?

Ibi tí àríyànjiyàn gan-an wà nìyí, ó sì jinlẹ̀ ju "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" lọ.

Ẹ̀rí tí àwọn tó fara mọ́ ọn máa ń kọ́kọ́ nà jáde ni ti kọ́tísọ́ọ̀lù. Èròjà tí ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí wàhálà bá dé ni, wọ́n sì lè fi itọ́ ẹnu wọ̀n ọ́n. Ní 2012, Dawson Church àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà pín ènìyàn 83 sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan ṣe tapping fún wákàtí kan, àwọn kan bá olùtọ́jú sọ̀rọ̀, àwọn yòókù kàn jókòó sinmi. Kọ́tísọ́ọ̀lù àwọn tó ṣe tapping fi ìdá 24 nínú 100 wálẹ̀. Ti àwọn yòókù wálẹ̀ ní bí ìdá 14. Ní 2020, Peta Stapleton ti yunifásítì Bond ní Ọsirélíà tún un ṣe pẹ̀lú ènìyàn 53. Ti àwọn onítapping tirẹ̀ fi ìdá 43 wálẹ̀.

Èyí tó súnmọ́ wa jù ti Rùwáńdà wá. Àwọn ọmọ òrukàn 50 tí wọ́n la ìpakúpa ọdún 1994 já, tí wọ́n ń gbé ní ilé ọmọ aláìlóbìí, ni wọ́n fi ìlànà Callahan tọ́jú. Ìròyìn tó jáde ní 2010 sọ pé àlá burúkú àti ìtagìrì wọn dín kù gan-an, ó sì tún rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ ọmọ mìíràn tí wọn kò tọ́jú, tí a lè fi wọ́n wéra. Ọmọ tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jókòó tì, tó fi ìfẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, lè sàn díẹ̀ nítorí ìyẹn nìkan.

Wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ wò lójú kan náà. Èyí tó jáde ní 2016 lórí àníyàn kó ìwádìí 14 pọ̀, ènìyàn 658 ló wà nínú wọn, ó sì parí rẹ̀ sí pé àníyàn àwọn tó ṣe tapping dín kù ju ti àwọn tí kò ṣe é lọ.

Kí wá ni àwọn tó ń ta kò ó ń wí? Wọ́n ní àwọn ìwádìí náà kéré jù. Wọ́n ní nínú púpọ̀ nínú wọn, ẹni tí a kò tọ́jú rárá ni wọ́n fi wé ẹni tí a tọ́jú, bẹ́ẹ̀ ìtọ́jú èyíkéyìí á sàn ju òfo lọ. Wọ́n tún ní àwọn tó ń ṣe ìwádìí ni àwọn tó ń fi ìkọ́ni rẹ̀ jẹun: Church fúnra rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́ni ní EFT. Ìyẹn kò sọ pé irọ́ ni ohun tó rí. Ó kàn jẹ́ kó di dandan kí ẹlòmíràn tí kò ní èrè níbẹ̀ tún un wò.

Ìwádìí tí wọ́n máa ń tọ́ka sí jù wá láti Kánádà ní 2003. Waite àti Holder kó akẹ́kọ̀ọ́ 119 tó ní oríṣiríṣi ẹ̀rù jọ. Àwọn kan gbá àwọn ojúkò EFT gan-an. Àwọn kan gbá ibòmíràn lápá wọn, níbi tí kò jẹ́ ojúkò rárá. Àwọn kan gbá bèbí, ìyẹn ọmọláńgidi. Àwọn tó kù kò gbá nǹkan kan. Ẹ̀rù dín kù lára ẹgbẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, títí kan àwọn tó gbá bèbí! Kò dín kù bẹ́ẹ̀ lára àwọn tí kò gbá nǹkan kan. Àwọn onítapping fèsì pé ẹni tó ń fi ìka gbá bèbí ṣì ń fi ìka ara rẹ̀ gbá nǹkan, àti pé ojúkò wà ní orí ìka náà. Àwọn alátakò ní bí gbogbo ibi bá ti jẹ́ ojúkò, a jẹ́ pé kò sí ojúkò kankan.

Ní Bìrìtìkó, àjọ NICE, tó ń sọ ìtọ́jú tí àwọn dókítà ìjọba yóò lò, gbé ìlànà lórí ọgbẹ́ ọkàn jáde ní 2018. Wọn kò fi EFT sínú ìtọ́jú tí wọ́n fọwọ́ sí, wọ́n ní kí wọ́n túbọ̀ ṣe ìwádìí lórí rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà wà: ohun tí a rí ti pọ̀ ju kí a kàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì tíì tó kí a máa pè é ní ìwòsàn tó dájú.

Bí kì í bá ṣe ojúkò ló ń ṣe é, kí ló ń mú ara balẹ̀?

Títí di òní, kò tíì sí ẹni tó la òkú ènìyàn tó rí ipa ọ̀nà qi níbẹ̀ bí a ṣe ń rí iṣan tàbí òpó ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ mọ ọ̀nà mìíràn tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè gbà ṣiṣẹ́.

Èyí tí wọ́n gbà jù ni pé ènìyàn ń fi ojú kan ohun tó ń bà á lẹ́rù, díẹ̀díẹ̀, nínú ibi tí ewu kò sí. Ọpọlọ ń kọ́ pé a lè ronú nípa owó àjọ, tàbí nípa ìró ìbọn ọjọ́ yẹn, kí a má sì kú. Ọ̀nà yìí ti wà nínú ìtọ́jú ọpọlọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀rí rẹ̀ sì lágbára. Èkejì ni pé ọwọ́ tó ń gbá ara ń gba ọkàn lọ́wọ́ ìrònú tó ń yí po. Mímí kanlẹ̀ náà wà ńbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú ìwádìí kékeré kan tí wọ́n ṣe ní 2003 pẹ̀lú ènìyàn 35 tó ń bẹ̀rù kòkòrò àti ẹranko kéékèèké, EFT ṣe dáadáa ju mímí kanlẹ̀ nìkan lọ. Ìgbàgbọ́ tún wà: ẹni tó bá retí pé ara òun á balẹ̀, ara rẹ̀ á balẹ̀ díẹ̀.

Fífi ọwọ́ gbá ara fúnra rẹ̀ kò ṣàjòjì sí wa. Ìyá tó pọn ọmọ tó ń sunkún á máa jó díẹ̀díẹ̀, á máa gbá a nídìí pẹ́pẹ́, títí oorun á fi gbé e lọ. Bí ẹnìkan bá ń ṣọ̀fọ̀, àgbà obìnrin kan á jókòó tì í, á máa gbá a lẹ́yìn, á máa ní "ó tó, ó tó, ẹ ṣe sùúrù". Kò sẹ́ni tó bèèrè ojúkò lọ́wọ́ àgbà yẹn rí.

Ṣé ó lòdì sí ẹ̀sìn?

Ní Ìlọrin, ìbéèrè yìí kì í pẹ́ yọjú, bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú àwọn ìjọ Ìgbómìnà. Àwọn tó ní ó lòdì sí ẹ̀sìn ń wo gbòǹgbò rẹ̀. Wọ́n ní qi jẹ́ ìgbàgbọ́ àwọn ẹlòmíràn, àti pé mùsùlùmí tó bá gbà pé agbára kan yàtọ̀ sí ti Ọlọ́run ń ṣàn nínú ojúkò yẹn, tó sì ń ti ibẹ̀ wá ìwòsàn, ti ń súnmọ́ ẹbọ. Àwọn oníwàásù kan kò fẹ́ gbólóhùn "mo gba ara mi bí mo ṣe wà", torí ó dún létí wọn bí ẹni tí kò fẹ́ ronú pìwà dà.

Àwọn tí kò rí ohun tó burú níbẹ̀ ń wo ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Wọ́n ní kò sí orúkọ òrìṣà tàbí àǹjọ̀nú kankan tí wọ́n ń pè nínú rẹ̀, kò sí ètùtù. Wọ́n ń mú hádíìsì tí Abu Dawud gbà wá, tí Ànábì ti sọ pé kí a máa wá ìtọ́jú, nítorí Ọlọ́run kò sọ àìsàn kan kalẹ̀ láìsọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀. Àwọn Kírísítẹ́nì kan nílẹ̀ òkèèrè ti fi ẹsẹ Bíbélì rọ́pò gbólóhùn náà, kò sì sí ohun tó ní kí mùsùlùmí má fi àdúà tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ohun tó pín wọn níyà ni ìbéèrè kan: ṣé ìdí tí wọ́n kọ́kọ́ fi dá nǹkan sílẹ̀ ni a ó wò, àbí ohun tí ẹni tó ń lò ó báyìí ní lọ́kàn? Ìjiyàn yẹn ti wà kí tapping tó dé, alfa tàbí pásítọ̀ tí ẹ mọ̀, tí ẹ sì fọkàn tán, ló yẹ kí ẹ bá sọ ọ́.

Ibo ni ewu rẹ̀ wà?

Gbígbá ara pẹ́pẹ́ kì í pa ènìyàn lára. Ohun tí wọ́n ń so mọ́ ọn ló lè pa á.

Ìgbà tí àyà bá ń já, kì í ṣe ìdààmú ọkàn nìkan ló lè fà á. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè fà á, àìtó ẹ̀jẹ̀ lè fà á, àìsàn ọkàn gan-an lè fà á. Ẹni tí àyà ń fún pinpin, tí ìrora ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò, ilé ìwòsàn ló yẹ kó wà, kì í ṣe iwájú fídíò. Kò sí ìwádìí kankan tó sọ pé kí ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn wárápá tàbí oògùn ọpọlọ dá a dúró nítorí tapping. Fídíò tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Mo ń fi gbogbo ọkàn bẹ̀ yín lórí èyí.

Ewu kejì jẹ́ ti àwọn tí ọgbẹ́ ọkàn wọn jìn. Ẹni tí wọ́n jí gbé, tàbí tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, tó bá dá jókòó nínú yàrá tó ń pe ohun tó ṣẹlẹ̀ lórúkọ, lè bá ara rẹ̀ padà nínú igbó yẹn, kó má sì sẹ́ni tó máa fà á jáde. Àwọn olùkọ́ EFT tó mọṣẹ́ gan-an ló ń sọ pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má dá a ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ìyálọ́mọ tí ìwà rẹ̀ yí padà lójijì lẹ́yìn ìbímọ, àti ẹni tí ìsoríkọ́ ti mú débi tó ń ronú àti pa ara rẹ̀.

Ti ẹni tó ń ronú ikú yìí tún ní ẹ̀rù mìíràn nínú. Òfin Penal Code tí Kwara ń lò bíi ti àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá ṣì ka kí ènìyàn gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, nítorí náà àwọn mọ̀lẹ́bí máa ń bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ríronú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Ẹni tó bá sọ ọ́ fún dókítà ń wá ìtọ́jú ni.

Owó ló kù. Ẹni tó gba owó yín tí ara yín kò balẹ̀ lè sọ pé ìgbàgbọ́ yín ni kò pé. Ìwòsàn tó bá ń di ẹ̀bi ru aláìsàn nígbà tí kò ṣiṣẹ́, ó tó kí a fura sí i.

Bí ọ̀rọ̀ bá ju tapping lọ, ibo la lè gbà lọ ní Kwara?

Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti yunifásítì Ìlọrin, UITH, ní Òkè-Ọ̀sẹ̀, ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọpọlọ. Behavioural Sciences, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, ni orúkọ tó wà lára rẹ̀, kò dárúkọ "wèrè", ìyẹn sì lè ran àwọn tó ń tijú lọ́wọ́. Ìjọba àpapọ̀ náà ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Bùdó-Ẹ̀gbá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Asá. Fún ẹni tó wà ní Ọ̀fà, Òmù-Àrán tàbí Àjàṣẹ́-Ìpo, ilé ìwòsàn ìjọba tó bá súnmọ́ ọn lè kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì kọ̀wé ránṣẹ́ síwájú bó bá yẹ.

Kì í ṣe oògùn nìkan ni wọ́n ń fúnni níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ wà nínú ìtọ́jú náà, ó sì lè jẹ́ pé òun nìkan ni wọ́n á lò. Àwọn ará Ṣóńà ní Zimbabwe ní ọ̀rọ̀ kan, kufungisisa, ìyẹn ìrònú àpọ̀jù, ohun tí àwa náà ń sọ nígbà tí a bá ní "ìrònú ló ń pa á". Ní 2006, dókítà ọpọlọ kan níbẹ̀, Dixon Chibanda, kọ́ àwọn ìyá àgbà bí wọ́n ṣe lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà ilé ìwòsàn, kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ìrònú mú, kí wọ́n sì bá a wá ojútùú sí ìṣòro kan lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára ènìyàn 573, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016, ìsoríkọ́ àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà dín kù jìnnà ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kò sí ojúkò níbẹ̀, owó tí wọ́n ná sí i kò sì pọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ rí dókítà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó lọ: ìgbà tí oorun ti kọ́kọ́ dá lójú yín, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àkókò yẹn, gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, títí kan àgbo, àti bóyá irú rẹ̀ ti ṣe ẹnìkan rí nínú ẹbí. Bí ẹ bá ti ń ṣe tapping nílé, ẹ sọ èyí náà fún un, kí ẹ sì sọ iye tí máàkì yín jẹ́ kí ẹ tó ṣe é àti lẹ́yìn tí ẹ ṣe é tán.